Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Tọrọ Ìrànlọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín yé mi dáadáa. Ẹ̀ka yín fẹ́ tún àwọn kóòsì ọdún kìíní ṣe, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń wọlé wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti físíìsì, àwọn mìíràn sì ń sá lọ sí ẹ̀ka mìíràn kí ọdún tó parí. Ẹ ní àwọn kan dábàá pé kí ẹ ṣí yàrá ìrànlọ́wọ́ kan, níbi tí ẹni tí ẹ̀kọ́ kò bá yé yóò ti máa rí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kíláàsì ọdún kìíní ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Yàrá yẹn kò burú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ṣe, àwọn tó nílò rẹ̀ kò ní débẹ̀. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní irú rẹ̀. Yàrá tó mọ́, àga, pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí wọ́n ń sanwó fún láti jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń wá ni àwọn tí máàkì wọn ti dára tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kó tún dára sí i. Ọmọ tó ń rì gan-an kì í yọjú. Ojú ń tì í. Òun ló ń ṣe ipò kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti wá, gbogbo ilé sì ti ń pè é ní ẹnjiníà kó tó fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì. Báwo ló ṣe fẹ́ wọ yàrá tí wọ́n kọ ìrànlọ́wọ́ sí lára ilẹ̀kùn rẹ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Òmíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń rì. Ó ń wá sí kíláàsì, ó ń da gbogbo ohun tó wà lójú pátákó kọ, bí olùkọ́ sì ṣe ń yanjú ìbéèrè, ó ń yé e lójú ara rẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wíwo ẹni tó ń ṣe nǹkan yàtọ̀ sí kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé síwájú ìgbìmọ̀ yín ni pé kí ìrànlọ́wọ́ wà nínú kóòsì fúnra rẹ̀, nínú wákàtí tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa rí i gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ronú kan èyí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Uri Treisman, tó wà ní Yunifásítì California ní Berkeley nígbà náà, fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fi ń fìdí rẹmi nínú calculus, ìyẹn ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Ṣáínà ń yege. Àwọn olùkọ́ ti ní ìdáhùn tiwọn nílẹ̀: wọ́n ní àwọn ọmọ náà kò ní ìtara, wọ́n ní ilé tí wọ́n ti wá kò ka ìwé sí. Treisman bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kàwé gan-an, àmọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ kà ni. Ní ti àwọn ìran Ṣáínà, wọ́n á kọ́kọ́ dá ṣe tiwọn, wọ́n á wá kóra jọ fi iṣẹ́ wọn wéra, wọ́n á sì tètè mọ̀ bóyá ìbéèrè ló le fún gbogbo wọn ni, àbí ibì kan wà tí ẹnì kan ti ṣìnà. Ohun tí Treisman wá dá sílẹ̀ kì í ṣe kíláàsì àtúnkọ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ó kó wọn jọ láti jọ máa yanjú ìbéèrè tó le ju èyí tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni òun pè wọ́n sí. Máàkì wọn gòkè gidigidi.

Àwa náà gba ọ̀nà yẹn nígbà tó yá. A yọ wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò lọ́sẹ̀, a sì fi wákàtí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa fi yanjú ìbéèrè rọ́pò rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìnàró ni wọ́n ń wà, pátákó ara ògiri ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú ìwé. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún létí lọ: ẹni tó ń darí wọn lè dúró láàárín yàrá kó sì rí ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ tí ọ̀nà dí mọ́ sì lè yíjú wo bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Bírò kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹni tó mú un dání, ohun tí àwọn yòókù bá sọ ni yóò kọ, bí ìbéèrè bá sì ti yí ni bírò máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sáàárín ọkùnrin mẹ́ta. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sọ ọ́ di akọ̀wé wọn, kò sì ní rí àyè dá sí ìṣirò náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń darí wákàtí yìí ni kí ẹ náwó lé lórí. Ẹni tó mọ ìṣirò jù ló máa ń ṣòro fún jù láti dákẹ́. Ó rí àṣìṣe, ọwọ́ ń yún un, ó gba bírò, ó yanjú rẹ̀ tán, gbogbo wọn ní ó ti yé àwọn, kò sì yé ẹnikẹ́ni. Òfin tí a fún wọn ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba bírò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè ni kí wọ́n máa bi wọ́n: kí lẹ ti gbìyànjú? Kí ni lẹ́tà yìí dúró fún? Bí ìdáhùn yín bá tọ̀nà, ṣé ó yẹ kó pọ̀ tó báyìí? Kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń pè wọ́n jọ, wọ́n á fọwọ́ ara wọn ṣe àwọn ìbéèrè ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á sì sọ ibi tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yóò ti yọ̀. Bí ẹ bá fo ìpàdé yẹn, gbogbo rẹ̀ á tún padà di ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àfi pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́ wọn báyìí.

Ohun kejì ni ìdánwò kékeré tó tètè dé. Mi ò sọ ti àárín sáà o, nítorí nígbà yẹn, ọmọ tó ti ṣáko ti ṣáko jìnnà. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni kó jẹ́, kí máàkì rẹ̀ kéré débi pé kò lè ba nǹkankan jẹ́, kí ẹ sì dá a padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi wá kàn: ẹnì kan ní láti ka àkọsílẹ̀ máàkì náà, kó sì kọ̀wé sí àwọn tó kù díẹ̀ káàtó fún, ní orúkọ wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó bá sọ pé “ẹ ti fìdí rẹmi, ẹ lọ wá ìrànlọ́wọ́” kì í mú ẹnikẹ́ni wá. Èyí tó ń mú wọn wá ni èyí tó bá sọ pé, “Mo rí i pé ìbéèrè nípa vector kò bọ́ sí i fún ọ. Èmi àti àwọn bíi mélòó kan máa jókòó tì í lọ́jọ́bọ̀, aago méjì. Mo ti fi orúkọ rẹ sí i.” Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí i fún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé kíkọ̀ ló máa gbà á ní wàhálà, kó má jẹ́ wíwá.

Ní ti ìṣirò fúnra rẹ̀, mo ti rí àìmọye ọmọ tó mọ òfin differentiation lórí, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà rí derivative (bí nǹkan ṣe ń yára yí padà tó), àmọ́ tí ẹ bá ya ọkọ̀ tó ń sáré, tí ẹ ní kó tọ́ka sí ohun tí derivative náà ń sọ nípa ọkọ̀ yẹn, kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un. Wọ́n kọ́ ìṣirò ní yàrá kan, físíìsì ní yàrá kejì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wright State University ní Ohio gbé ìgbésẹ̀ kan lórí èyí ní ọdún 2004. Nathan Klingbeil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá kóòsì ìṣirò kan sílẹ̀ fún ọdún kìíní, tó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ ẹnjiníà ló ń kọ́ ọ. Apá rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń kọ́ trigonometry (ìṣirò igun), ìyára àti ipò nǹkan tó ń lọ ni wọ́n fi ń kọ́ derivative, láàbù sì wà nínú kóòsì náà. Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lè bọ́ sínú àwọn kóòsì ẹnjiníà tó tẹ̀ lé e láìkọ́kọ́ parí gbogbo àwọn kóòsì calculus. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè dá odindi kóòsì sílẹ̀, ẹ pe olùkọ́ ìṣirò àti ti físíìsì jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ètò ọ̀sẹ̀ wọn wéra. Níbi tí mo wà, ìjókòó ọ̀sán kan ló fi hàn pé ẹni tó ń kọ́ físíìsì ti ń lo vector (iye tó ní ìwọ̀n àti ìhà tó kọjú sí) kí ẹni tó ń kọ́ ìṣirò tó dé orí rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo yíya àwòrán. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò lè yí nǹkan po nínú ọkàn wọn, kí wọ́n mọ bí yóò ṣe rí láti ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀bùn ni, pé bí o kò bá ní i, o kò ní i. Sheryl Sorby, tó wà ní yunifásítì Michigan Tech ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ti fi hàn láti ọdún 1993 pé kíkọ́ ni: kóòsì kékeré tí wọ́n ti ń fọwọ́ ya àwòrán, tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké to nǹkan, gbé wọn sókè, ó sì ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ gan-an láti má fi ẹ̀ka náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ àkànṣe ọdún kìíní, bíi afárá onípáálí, mo fẹ́ràn rẹ̀, inú àwọn ọmọ sì máa ń dùn sí i. Àmọ́ bí wọ́n bá kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi dúró, eré ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò ẹrù tó máa wó o, kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, kí wọ́n tó wá di ẹrù lé e.

Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ sọ ẹ̀kọ́ di yẹpẹrẹ, pé ẹnjiníà kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹ sọ ti Treisman fún wọn, pé ìbéèrè tirẹ̀ ló le jù. Ẹ sì fi iṣẹ́ Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọdún 2014 hàn wọ́n: wọ́n kó ìwádìí 225 jọ lórí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹnjiníà àti ìṣirò. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fìdí rẹmi; níbi tí àwọn ọmọ fúnra wọn ti ń ṣiṣẹ́, ó jẹ́ nǹkan bí 22. Bí ẹnì kan bá sì wà níbẹ̀ tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, pé ẹnì kan nínú wọn kò ní dé òpin, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí, kì í sì í ṣe ẹni tí kò lágbára.

Ẹ béèrè ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ láìsí owó tuntun. Ẹ mú kóòsì kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ jù. Ẹ yí wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ sí wákàtí ìbéèrè, ẹ fi ìdánwò kékeré sí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ sì yan ẹni tó máa kọ àwọn lẹ́tà yẹn, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ má fi kóòsì náà fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù, tó sì ní sùúrù, ni kó gbà á.