Kórópọ̀n ọmọ tí kò sọ̀: ẹ má dúró de ìbàlágà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2, àmọ́ kórópọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú àpò ẹpọ̀n rẹ̀. Apá òsì ṣófo. Ìyá ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá rẹ̀ rí ní kékeré, pé yóò sọ̀ tó bá ń bàlágà. Abẹ́rẹ́ wo la lè gún un kó tètè sọ̀? Àbí ká kọ́kọ́ ṣe síkáànù?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọdé ló yẹ kó ti rí ọmọ yìí tipẹ́.

“Yóò sọ̀ tó bá ń bàlágà” yìí ti sú mi í gbọ́, torí òun ló ń mú káwọn òbí fi àkókò ṣòfò. Inú ikùn ni kórópọ̀n ti ń hù, nítòsí kíndìnrín, kó tó rìn sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀. Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé kí wọ́n tó bí wọn, ti bíi 3 kì í tíì sọ̀ tán. Ti àwọn tí oṣù wọn kò pé pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ń sọ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tó bá ṣì wà lókè nígbà tí ọmọ pé oṣù 6, kò dájú pé yóò sọ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù, a sì fẹ́ ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù 18.

Ooru ló ń lé wa. Àpò ẹpọ̀n tutù ju inú ikùn lọ. Bí kórópọ̀n bá pẹ́ nínú ooru yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di àtọ̀ lọ́la á ti máa dín kù láti kékeré. Ẹni tó bá dúró de ìbàlágà lè bá kórópọ̀n tí kò wúlò mọ́, ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ á sì ga ju ti ọmọ tí a tètè ṣe tirẹ̀ lọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ti wá. Irú kan wà tó máa ń sá gòkè: iṣan ló ń fà á bí òtútù bá mú ọmọ tàbí tí ẹ̀rù bà á. Ẹ wò ó nígbà tó bá jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ó rí i nínú àpò rẹ̀. Ó lè jẹ́ irú ti bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kò nílò iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ọdọọdún la gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí òmíràn máa ń gòkè tí kò ní sọ̀ mọ́. Bí àpò bá ṣófo nínú omi, tó tún ṣófo lójú oorun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Màá kọ́kọ́ mú kí ọwọ́ mi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ á jókòó, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, màá wá fi ìka rọra wọ́ ọ láti ibi tí ikùn àti itan ti pàdé wá sísàlẹ̀. Síkáànù lè ní òun kò rí kórópọ̀n tó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má torí ẹ̀ fi ọjọ́ falẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá bà á, kámẹ́rà tín-ín-rín la ó fi wá a nínú ikùn. Abẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù kì í sábà ṣiṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ tàbí kó fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkókó: bí ojú ihò ìtọ̀ bá wà lábẹ́ okó dípò orí rẹ̀, ẹ má tíì dá adọ̀dọ́ rẹ̀, awọ yẹn la fi ń tún un ṣe. Bí kórópọ̀n méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ojú ara rẹ̀ jọ ti ọkùnrin, torí pé ẹṣẹ́ orí kíndìnrín rẹ̀ (ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mọ́ònù) kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, iyọ̀ lè tán lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó sì kú.

Èmi kò tíì fọwọ́ kan ọmọ yín o. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ gbé e lọ. Ọdún 2 pẹ́ díẹ̀, kò tíì bọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Bí ibi tí ikùn àti itan ti pàdé bá ṣàdédé wú, tí ó ń dùn ún tàbí tí ó ń bì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ì báà jẹ́ lóru.