Ọjà Tí Kò Tíì Jinná: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra fóònù tuntun, èmi fúnra mi ni mo já páálí rẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe tàn án báyìí ló ní kí n kọ́kọ́ gba update tó ju gígábáìtì kan lọ. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i? Àbí àlòkù ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àlòkù. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí fóònù tó dé orí àtẹ ni wọ́n ti ń fi software, ìyẹn ètò tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, sí i. Bí páálí ṣe wà lọ́nà, àwọn tó kọ software náà kò dáwọ́ dúró; ohun tí wọ́n bá tún ṣe láàárín ìgbà yẹn ló ń dúró dè yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn nìkan kò burú. Ibi tó ti burú ni pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ti mọ̀ pé àwọn lè tún un ṣe lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé. Ọjọ́ títà wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún, àkókò ìdánwò ni wọ́n ń gé. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni géèmù Cyberpunk 2077 jáde, ó sì ń kú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lórí PlayStation 4, ẹ̀rọ géèmù tí iléeṣẹ́ Sony ṣe. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, Sony ti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, ó ń dá owó padà.

Update lè wo software sàn, àmọ́ kò lè wo irin. Ẹ wo Samsung Galaxy Note 7 ti ọdún 2016. Àpò bátìrì àkọ́kọ́ fún jù ní igun kan lókè, ó sì tẹ etí irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ wọ́. Wọ́n gbé bátìrì iléeṣẹ́ mìíràn sí i, ìyẹn náà ní ṣóńṣó níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ṣóńṣó yẹn sì ń gún ohun tó la bátìrì láàárín. Méjèèjì gbiná. Update tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Kòríà kò wo nǹkan kan sàn. Kò kàn jẹ́ kí bátìrì gba iná kọjá 60% ni. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ gba update yín, kí ṣájà wà lára fóònù. Lẹ́yìn náà, ohun tí update kò lè tún ṣe ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Ẹ ṣí àwòrán funfun báláú nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kó kún ojú fóònù, kí ẹ máa wá tóótòòtó tí kò tàn. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ padà. Ẹ fi gbogbo kámẹ́rà ya àwòrán, títí kan èyí tí ẹ rò pé ẹ kò ní lò. Ẹ fi SIM sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba iná sí i láti 20% títí yóò fi kún, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ bí kò bá ṣeé dì mú, tàbí tí ara rẹ̀ ń wú, ẹ pa á, kí ẹ dá a padà. Kámẹ́rà tó kàn ń lọ́ra láti ṣí lè dúró de update.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí update ńlá bá jáde, ṣé kí n tètè gbà á?

Ìdáhùn: Èyí tó jẹ́ ti ààbò, ẹ má fi falẹ̀. Èyí tó ń mú nǹkan tuntun wá, ẹ jẹ́ kó lo bí oṣù kan níta ná.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni Microsoft gbé update Windows 10 kan jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dá a dúró, nítorí ó ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́. Àwọn tó ti gbé àpò Documents wọn lọ sí ibòmíì, tí fáìlì sì ṣẹ́ kù sí ibi àtijọ́, ló bá. Update náà ka àpò àtijọ́ sí ohun tí kò wúlò mọ́, ó gbá a dànù tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń dunni jù ni pé àwọn tó ń bá wọn dán an wò ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn kó tó jáde. Wọn ò pọ̀, ni ọ̀rọ̀ wọn bá rì sábẹ́ ẹ̀sùn mìíràn. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á sì ni àwọn tó fọwọ́ ara wọn tẹ "Check for updates". Ẹ yéé tẹ bọ́tìnì yẹn. Ńṣe ló ń ti èèyàn síwájú ìlà.

"Pause updates" wà níbẹ̀, ó lè dá a dúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí ẹ tó wá gbà á, ẹ da fáìlì yín kọ sórí díráìfù tí ẹ lè yọ, ẹ ṣí méjì-mẹ́ta wò láti ibẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ fi àyè tó tó 20 gígábáìtì sílẹ̀. Àyè tí kò tó wà lára ohun tó sábà máa ń jẹ́ kí update dá dúró sí agbede méjì.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń pè ní beta gan-an?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò ni, kí ẹ lè bá wọn wá àléébù rẹ̀. Àwọn kan ti wá sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́ sí: Gmail gbé orúkọ yẹn kiri láti ọdún 2004 títí di 2009. Ẹ má fi beta sórí fóònù kan ṣoṣo tí ẹ ní. Lórí iPhone, àfi kí ẹ nu fóònù náà mọ́ pátápátá kí ẹ tó lè padà sí ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà fáìlì tí ẹ ṣe nígbà tí beta wà lórí rẹ̀ kò ní ṣí lórí ti àtijọ́. Kí ẹ tó fi sí i ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà náà, sórí kọ̀ǹpútà.