AC tó ń tutù lójú ọ̀nà, tó ń gbóná nínú gosiló

Ẹ kú ooru o, bọ̀dá. Fáànù iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ má tíì ra gáàsì kankan.

Ẹ ní Camry 1999 yín ń tutù tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ sí Ṣágámù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti há sí Láfẹ́nwá lọ́sàn-án, ooru ló ń fẹ́. Tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ kọ̀ǹdẹ́ńsà, ìyẹn ibi tí gáàsì AC ti ń tú ooru dànù, tó wà níwájú rédíétọ̀, tó bá wá dúró, fáànù nìkan ló kù, tíyẹn ò bá yí dáadáa, ooru ò ríbi jáde nìyẹn.

1. Ẹ tan AC, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo fáànù, ẹ má fọwọ́ kàn án o!
2. Tí ò bá yí, ẹ wo fíúsì àti rílè (súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù) kẹ́ ẹ tó ra fáànù tuntun.
3. Tó bá ń yí, ẹ pa mọ́tò kó tutù, kẹ́ ẹ fi omi tí ò lágbára fọ kọ̀ǹdẹ́ńsà, eruku ló dí tèmi pa lọ́jọ́sí.

Tó bá jẹ́ pé kò tutù rárá kódà lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó ń jò kí wọ́n tó rọ gáàsì R134a sí i, ó máa ń dùn mí gan-an téèyàn bá ń sanwó gáàsì tó tún máa jò tán.