Wọ́n gé ipa mi, wọ́n sì fi ohùn ẹlòmíràn bọ̀ mí lẹ́nu

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn ni mò ń kọ́. Bọ̀dá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń fi owó ara wọn ṣe fíìmù, ní kí n wá ṣe ọmọ ìyá elépo nínú eré wọn. Ọjọ́ 10 ni wọ́n dá fún wa ní abúlé kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọjọ́ 23 ni a lò níbẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn kankan. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni mo gbà, wọ́n ní bí fíìmù náà bá ti wọ YouTube a ó jọ pín owó. Ìdánwò kékeré méjì ni mo pàdánù nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà hàn, mo mú ìyá mi àti àwọn àbúrò mi lọ. Nínú ìran 14 tí mo ṣe, 3 péré ló kù, ohùn ọmọ Èkó kan ló sì ń jáde lẹ́nu mi. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé èyí náà nìyẹn?" Ní báyìí, Bọ̀dá náà tún ń pè mí pé kí n wá fún ọjọ́ méjì kí wọ́n lè tún apá kan yà, ọ̀sẹ̀ ìdánwò mi gan-an ló sì bọ́ sí. Mo tilẹ̀ ti gé irun mi. Ṣé kí n lọ? Ṣé eré mi ni kò dára ni?
Èmi ni, Ọmọ Elépo

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ló rọrùn jù, nítorí náà jẹ́ kí n tètè mú un kúrò nílẹ̀: má ṣe lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà ni kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti jókòó ṣe ìdánwò bí kò bá wá sí kíláàsì tó ìdá 75 nínú 100, ìwọ sì ti fi ọjọ́ 23 àti ìdánwò kékeré méjì ta eré yìí lọ́rẹ. Fíìmù a máa dúró de oòrùn, a máa dúró de epo jẹnẹrétọ̀, a máa dúró de gbajúmọ̀ òṣèré tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ há mọ́ ojú ọ̀nà, kò sì sí ìdí tí kò fi lè dúró dè ọ́ títí ìwọ yóò fi kọ ìwé rẹ tán. Bí olùdarí náà bá takú pé ọjọ́ méjì yẹn nìkan ni òun ní, a jẹ́ pé kò nílò rẹ tó bí ó ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù.

Ìbéèrè rẹ kejì ni mo fẹ́ jókòó tì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́tà àwọn ènìyàn lóhùn, ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú aṣọ àwọn òṣèré ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé ìró tí obìnrin kan ró wọ inú ilé náà ni ó ró jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni a ya wíwọlé rẹ̀, tí a kò sì ya jíjáde rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti rí ìran tó mú omi bọ́ lójú gbogbo àwa tí a dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, tí wọ́n sì sọ ọ́ nù nítorí pé gèlè ìyá ọkọ yí sí òsì nígbà tí ó yẹ kó yí sí ọ̀tún (èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn, mi ò sì tíì gbàgbé). Mo ti rí òmíràn tó lọ nítorí pé òjò já lu ìdajì rẹ̀, tí ìdajì yòókù sì mọ́lẹ̀ kedere bí ẹni pé ìlú méjì ni wọ́n ti yà á. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn òṣèré wọ̀nyẹn tí a sọ fún pé eré rẹ̀ kò dára, nítorí pé ó dára.

Wo iye tí o kọ sí mi dáadáa. Bí ẹnìkan kò bá mọ eré ṣe, ìran tó ti ṣe é bàjẹ́ ni wọ́n máa ń gé, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ìran 11 bá bá ara wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, odindi ẹ̀ka ìtàn kan ni wọ́n gé, ẹni yòówù tó bá wà lórí ẹ̀ka náà yóò sì bá a wó lulẹ̀. Ọjọ́ 10 tó di 23 ti sọ ìyókù fún mi. Ẹni tí ètò rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ yóò ti ya ohun tó pọ̀ ju ohun tó lè so pọ̀ lọ, ìgbà tó bá sì dé ìdí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń to fíìmù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìtàn méjì ni òun gbé lọ sí abúlé náà. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ẹni tí owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò tún san owó ọkọ̀ kí òṣèré tí kò dára lè padà wá. Ó ń pè ọ́ nítorí pé ó ti rí i pé ìtàn rẹ̀ yarọ níbi tí ó ti yọ ọ́ kúrò.

Ti ohùn yẹn ni ọ̀rọ̀ mìíràn, inú sì bí èmi náà nígbà tí mo kà á. Mo lè fojú inú wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa kì í dákẹ́, iná ń jó, àwọn obìnrin ń pe ara wọn láti ìdí agbada kan sí ìkejì, ẹ̀rọ ń lọ ẹyìn, jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé wá fún iná kámẹ́rà sì ń bú lẹ́yìn ògiri. Makirofóònù kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ ti wọ inú ariwo náà, wọ́n sì ní láti gba òmíràn sílẹ̀. Kò sí ohun ìtìjú kankan nínú èyí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pe òṣèré fúnra rẹ̀ wá sínú yàrá tó dákẹ́, kí ó máa wo ẹnu ara rẹ̀, kí ó sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lé e lórí. Ìpè fóònù kan péré ni. Olùdarí yìí kò pè ọ́, ó wá ẹni tó wà nítòsí rẹ̀, kò sì sọ fún ọ kí o tó mú ìyá rẹ wọ inú gbọ̀ngàn náà. Àìsọ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì burú ju gígé tó gé ìran 11 lọ. (Ọmọ ìyá elépo ní abúlé Ẹ̀gbá tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní Èkó! Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn náà kò rẹ́rìn-ín.)

Jẹ́ kí o mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí ó bá ṣe, títí kan pé kí a dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. N kò sọ èyí kí o lè gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ẹ óò ṣì bá ara yín pàdé níbi ìgbéyàwó. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé oore kọ́ ni o ń tọrọ bí o bá béèrè.

Ní ti owó, àṣà àtijọ́ kan ni wọ́n ń lò fún yín ní ìlòkulò. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri ló jẹ́ aya, ọmọ tàbí ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá, owó tó ń wọ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọ̀gá ni ó ti ń jẹun, ó ń kọ́ ìlù, orin, ijó àti bí a ṣe ń di ojú àwọn ènìyàn mú, títí yóò fi gba fírídọ́ọ̀mù. Kí ni ẹnikẹ́ni kọ́ ọ fún ọjọ́ 23? Bí kò bá sí ẹ̀kọ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ ni o ṣe, owó iṣẹ́ sì ni ó yẹ kí o gbà. Má fi ọkàn sí ti YouTube. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó orí fídíò fún oníkànnì, ó sábà máa ń béèrè pé kí olùtẹ̀lé ìkànnì náà pé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàrin oṣù 12. Bí ó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ìdá 55 nínú 100 owó ìpolówó náà ni yóò kan oníkànnì, lára rẹ̀ ni yóò sì ti san gbèsè kámẹ́rà, epo àti oúnjẹ ọjọ́ 13 tí kò sí nínú ètò, kí ó tó rántí ọmọ elépo.

Ìyá rẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n sọ yẹn ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi, mo mọ̀. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń to fíìmù. Ọjọ́ ni wọ́n kà, wọ́n fi ojú ìṣẹ́jú díẹ̀ wò ó, ìṣirò náà kò sì gún régé lójú wọn. Fúnra rẹ sọ fún wọn nípa ìdánwò kékeré méjì náà kí èsì tó jáde, má jẹ́ kí ìwé ló sọ fún wọn. Lọ rí àwọn olùkọ́ méjèèjì pẹ̀lú ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọn kò bá gbà kí o tún un ṣe, o kúkú ti mọ ibi tí o dúró.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olùdarí náà, má ṣe pè é, kí ó lè wà lákọsílẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Mò ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Bí mo bá parí rẹ̀, mo lè wá fún ọjọ́ méjì péré. Kí n tó wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye owó iṣẹ́ mi fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, àti bí orúkọ mi yóò ṣe hàn nínú fíìmù náà, ẹ sì jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ ọ̀rọ̀ mi padà nínú àwọn ìran tó kù. Mo ti gé irun mi, ẹ ó nílò láti wá nǹkan bò ó." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, èmi tó tọ́jú aṣọ ni mo fi sí i. Yóò rò ó jù bí o ṣe lérò lọ.

Kí o sì béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìran 11 náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ bí kò bá tíì pa wọ́n rẹ́. Ní kí ó fi èyí tó dára jù ránṣẹ́ sí ọ bó ṣe wà ní ọjọ́ tí ẹ yà á, láìfọ̀, láìtò. Jókòó ti ìyá rẹ nílé ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbé fóònù náà sí àárín yín, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ àti jẹnẹrétọ̀ náà pọ̀.