Ṣé kí n sanwó fún kọnsọ́tánǹtì tó ní òun máa bá mi yáwó?

ÌBÉÈRÈ: Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń dín gàrí, ó ti pé ọdún 9. Ọjà ń tà, ṣùgbọ́n owó kì í dúró lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan ní kọnsọ́tánǹtì lòun, kí n san ₦150,000, òun máa bá mi yá mílíọ̀nù 3 ní báǹkì. Ó fi ìwé CAC rẹ̀ hàn mí. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀, mà. Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún yìí tí irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí.

Kọnsọ́tánǹtì kọ́ ló ń yáni lówó. Báǹkì ló ni owó, òun ló sì mọ ẹni tó máa yá. Iṣẹ́ tiwa kọnsọ́tánǹtì ni ká yẹ ìwé owó yín wò, ká rí ibi tí owó ń gbà jáde. A lè bá yín to ìwé tí báǹkì máa bèèrè, ó tán. Ẹni tó bá ṣèlérí pé báǹkì á gbà, tó tún ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ sá fún un. Ìwé CAC yẹn ńkọ́? Ó kàn ń sọ pé wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni. Kò sọ pé ó mọṣẹ́.

Ìyá kan láti Àgọ́-Ìwòyè gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Iye àpò tó tà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò kọ owó igi ìdáná, kò kọ ti àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ka kóńgò tó ń bù lọ sílé. Aṣọ ẹgbẹ́ tó rà de Òjúde Ọba, owó gàrí ló fi rà á. Nígbà tá a kọ ti oṣù kan tán, a rí i pé gàrí ń mérè wá, ilé ló ń jẹ ẹ́. Tó bá yáwó, gbèsè ni ì bá fi kún un.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ní pàtó ni kẹ́ ẹ wá kọnsọ́tánǹtì, bíi kẹ́ ẹ fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC kí gàrí inú ọ̀rá yín lè wọ ilé ìtajà ńlá l'Ékòó. Kó júwe ẹni tó ti bá ṣe irú ẹ̀ rí. Kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ láìmú un dání. Kí iṣẹ́, ọjọ́ àti owó wà lákọsílẹ̀, kẹ́ ẹ máa san án bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí.

Mi ò tíì rí ìwé yín o. Tẹ́ ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀wé fún ọkùnrin yẹn, lọ́yà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Tí ẹ ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìwé kan lónìí, kẹ́ ẹ máa kọ owó tó wọlé àtèyí tó jáde lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta.