Ọmọ yín fẹ́ máa darí géèmù? Ẹ jẹ́ kó ṣe é, àmọ́ ẹ máa fetí sí i

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe Dungeons & Dragons tipẹ́, géèmù tí wọ́n ń jókòó yí tábìlì ká fẹnu pìtàn tí wọ́n sì ń ju dáìsì, ẹ ò bínú sí i, àmọ́ ní báyìí ó lóun ò ṣe pléyà mọ́, òun lòun fẹ́ máa darí ẹ̀, ó ń kọ ìtàn di òru, ìdánwò GCSE níléèwé sì ti ń bọ̀, ẹ tún ń bẹ̀rù pé ti èṣù ni géèmù náà, ṣé kẹ́ ẹ dá a dúró ni?

Èmi ò ní dá a dúró o. Pléyà, ẹnì kan péré nínú ìtàn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ, agbára, idà, gbogbo ẹ̀ wà lórí pépà, á ju dáìsì olójú 20, á fi iye tó wà lórí pépà kún un, ó parí. Ẹni tó ń darí, tí wọ́n ń pè ní DM (Dungeon Master), gbogbo ayé tó kù ló gbé sọ́rùn: ọba, olóúnjẹ, olè, òjò, àti ohùn gbogbo wọn. Kò sì sí pé ó ń bá wọn figagbága, tó bá ń wá bó ṣe máa lu gbogbo wọn pa, kò ní pẹ́ tí ò ní séèyàn nídìí tábìlì mọ́. Ti èṣù tẹ́ ẹ tún dárúkọ yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ti pariwo ẹ̀ títí láàárín 1980 sí 1990, ohùn wọn ti há.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní yàtọ̀. Ọmọbìnrin mi ń darí lálẹ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ òyìnbó kún pálọ̀, èmi ń din dòdò ní kíṣìnì. Ọba sọ̀rọ̀, ohùn òyìnbó. Ológun sọ̀rọ̀, òyìnbó náà ni. Ó wá kan àjẹ́ inú igbó tó ń fi egungun ọmọdé se ọbẹ̀, ohùn màámi ni mo gbọ́! Bí wọ́n ṣe ń fa gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń pòṣé, títí kan s tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣ bí ọmọ Ìbàdàn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n lọ mo bi í, ẹnu yà á, ó ní ohùn màmá àgbà lòun fẹ́ràn jù, ìyẹn lòun ṣe fi pa mọ́ dìgbà tí ìtàn máa dùn. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi fèsì. Màámi ń pè é lórí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò sì lè wo ojú wọn dáadáa.

Ọmọ tó ń pìtàn fún wákàtí mẹ́rin láìwo ìwé, kò mọ àlọ́ Ìjàpá kan. Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé Yorùbá nìkan ló yẹ ká máa sọ nínú ilé, ẹni tí ò bá tíì fi ọmọ sílẹ̀ lọ ṣe night shift lè wí bẹ́ẹ̀, ta ni mo fẹ́ kó máa sọ ọ́ fún ọmọ náà, tẹlifíṣọ̀n?

Ẹ má sáré ra ìwé òfin géèmù náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ yín o, wọ́n wọ́n, òfin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n máa ṣe é ní pálọ̀ níbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ wọn, kí wọ́n sì tú ká ní aago mẹ́sàn-án. Àmọ́ tó bá lóun fẹ́ máa darí fáwọn tóun ò mọ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn, ẹ bi ẹlòmíì, tèmi ò gbà á láyè rí.