Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò kúrò lọ́fun lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ: kí la lè ṣe sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá mi parí ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ìrora ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ó ki, ó ń fà, kò ṣeé gbé mì, kò sì tètè ṣeé tu jáde. Lóru, ó máa ń jí wọn pẹ̀lú ikọ́ títí wọn á fi fẹ́ bì. Ẹnìkan gbà wá nímọ̀ràn pé ká ra oògùn ọ̀fìnkìn tó ń mú ikun gbẹ. Ṣé ó yẹ ká lò ó fún wọn? Ìgbà wo sì ni nǹkan yìí máa lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra oògùn náà, nítorí ó ṣeé ṣe kó dá kún ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Oògùn tó ń mú ikun gbẹ kì í yan ibi tí yóò gbẹ: yóò fa ìwọ̀nba omi tó kù nínú itọ́ gbẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà yóò sì túbọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Ohun tí bàbá nílò ni pé kí ó rọ̀, kí ó ṣàn, kí ó sì ṣeé gbé mì tàbí kí ó ṣeé tu.

Lójú aláìsàn, ńṣe ló dà bíi pé ara ń ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà omi ló dín kù nínú rẹ̀. Ara àgbàlagbà tó le máa ń ṣe itọ́ tó tó ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, a sì ń gbé e mì láìmọ̀. Àwọn ẹ̀yà ara tó ń ṣe itọ́ kò ní iṣẹ́ kan náà. Méjì tó tóbi jù, tí wọ́n wà níwájú etí lọ́tùn-ún àti lósì, ló ń ṣe èyí tó ṣàn bí omi. Àwọn tó wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n, pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó wà káàkiri inú ẹnu, ló ń ṣe èyí tó ń yọ̀ tó sì ki. Àwọn tó ń ṣe itọ́ olómi ni ìtànṣán tètè máa ń pa lára, nítorí náà èyí tó ki ló máa ń kù sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, awọ inú ọ̀fun tí ìtànṣán ti bó a máa já sínú itọ́, ìrora egbò náà kì í sì í jẹ́ kí ó wu aláìsàn láti gbé nǹkan mì, débi pé itọ́ tó yẹ kó ti lọ sínú ikùn á jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n, á máa ki sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè nípa oògùn ìrora kí n tó béèrè nípa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí bàbá bá ń fo oògùn ìrora tí wọ́n kọ fún wọn nítorí pé wọn kò fẹ́ kó mọ́ wọn lára, ẹ bá dókítà wọn sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn gan-an kò ní gbé itọ́ mì, ohunkóhun tí a bá ṣe.

Fífọ ẹnu ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu lítà kan omi tí ẹ ti sè, tó ti tutù di omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, sínú ìgò tó mọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i àti ṣíbí tíì kan baking soda (kì í ṣe baking powder o), kí ẹ pò ó títí yóò fi yòrò pátápátá. Kí bàbá bù ú sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fi yọ ẹnu, kí wọ́n jẹ́ kó dé ẹ̀yìn ọ̀fun bí wọ́n bá lè ṣe é láì jẹ́ kó pá wọn lórí, kí wọ́n wá tu ú dànù. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e mì. Ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́rin ni kí wọ́n máa ṣe é ní ọ̀sán, pàápàá ṣáájú oúnjẹ àti ṣáájú oorun, àti nígbàkígbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá jí wọn. Bó bá ń ta wọ́n, ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lójoojúmọ́, kí ẹ pò tuntun. Omi ìfọnu tó ní ọtí nínú kò dára fún wọn rárá, torí pé ó ń gbẹ ẹnu, ó sì ń ta egbò.

Omi mímu ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ sàn ju ife ńlá kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Nǹkan bí 2 lítà lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò, ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, dókítà ni kó sọ iye rẹ̀. Bí rọ́bà oúnjẹ bá wà lára wọn, ẹ béèrè bí omi yóò ṣe máa gba ibẹ̀ wọlé. Ìtọ̀ tó pọ́n tó sì kéré fi hàn pé omi kò tó lára. Ní ti wàrà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀. Kì í mú un pọ̀. Ńṣe ló kàn ń mú kí itọ́ dà bí èyí tó ki sí i lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Bí ara bàbá bá ń fọn, èmi kò ní gba wàrà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n mu ún, kí wọ́n sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Òru ló máa ń le jù, nítorí pé ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì tó, ọ̀pọ̀ sì ń gba ẹnu mí. Ẹ gbé wọn sókè láti àyà, kì í ṣe orí nìkan, nítorí ìrọ̀rí tó bá kàn tẹ ọrùn síwájú á tún fún ọ̀nà èémí pọ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi tútù sínú afẹ́fẹ́ yàrá wúlò bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. N kì í fara mọ́ abọ́ omi híhó tí a bo aṣọ lé lórí, torí pé ó ti jó ojú àti ọ̀fun àwọn tó ṣe é.

Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá jí wọn, kí wọ́n má ṣe máa wú ikọ́ líle léraléra, torí ìyẹn ló ń fa èébì, ó sì ń ha egbò. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi inú ìgò yọ ẹnu. Kí wọ́n mí sínú pẹ̀lẹ́, kí wọ́n dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n wá la ẹnu, kí wọ́n ti èémí jáde pẹ̀lú ìró “hàà”, bí ẹni tó fẹ́ fi èémí bo dígí kó tó nù ún. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ikọ́ kékeré kan ṣoṣo sábà máa ń tó láti gbé e wá sẹ́nu. Bí èyí kò bá tó, ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ kékeré tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí a ṣe ń lò ó kí ẹ tó fi kàn wọ́n lẹ́nu.

Ní ti oògùn, èyí tí wọ́n ń pè ní guaifenesin lè mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀ fún àwọn kan, bí omi bá tó lára. Kí dókítà wọn ló fọwọ́ sí i. Ẹ kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, torí pé àwọn oògùn oorun kan àti ti ara yíyún a máa gbẹ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ inú ẹnu bàbá wò bóyá àbààwọ́n funfun wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un bí omi kíkan bá ń ru sókè láti inú ikùn bàbá. Ìtọ́jú wà fún méjèèjì, wọ́n sì ń dá kún kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Sìgá àti ọtí, kí wọ́n gbàgbé wọn.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò bí èémí bá ń pariwo tàbí tí kò lọ dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń jáde, tàbí bí bàbá kò bá lè gbé omi pàápàá mì. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ara bá gbóná dé 38°C, pàápàá bí wọ́n bá gba oògùn jẹjẹrẹ tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ìtànṣán. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá mu nǹkan, ó lè jẹ́ pé omi ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ó sì yẹ kí onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbé nǹkan mì yẹ̀ wọ́n wò láìpẹ́.

Nípa ìgbà tí yóò lọ: ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ìtọ́jú ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè le sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìparí rẹ̀, nítorí pé ìtànṣán ṣì ń ṣiṣẹ́ lára lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń rí i pé ó ti rọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu gbígbẹ lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fi ṣe pàtàkì fún wọn, torí pé eyín tètè máa ń jẹrà níbi tí itọ́ kò bá tó. Títí di ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ máa wọn bàbá lórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ iye ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jí wọn lóru sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ni kí ẹ fi han dókítà wọn.